Abà etí odò tí wọ́n ti ń fọpo: báwo la ṣe lè mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_ÌsàlẹOdò:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Abà kan la fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Etí odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ Ògbèsè ló wà, nílẹ̀ Èkìtì níbí. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ mọ́ àfi àwọn tó ń ṣọ́ kòkó. Ohun tó ṣì wà nílẹ̀ rèé: kòtò roboto mẹ́rin tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ nínú, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ méjì nínú wọn nígbà tó yá, òkìtì èésan (èèpo ẹkùrọ́) tó ga dé orúnkún, àpáta kan nínú odò tó ní ihò lára, pèpéle kọnkéré kan tí ọ̀pá nọ́ọ̀tì mẹ́rin yọrí jáde lórí rẹ̀, àti ògiri alámọ̀ tó ti wó.

Nígbà tí a béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ní ìlú tó ni abà náà, àwọn kan ní ó ti wà láti ayébáyé, àwọn kan ní ìgbà Aládéṣanmí ni. Ìdáhùn méjèèjì yìí kò ṣeé kọ sínú ìwé. Kí la lè rí fà yọ lára àwọn nǹkan tó wà nílẹ̀ yìí? Ìwé ìjọba wo ló sì lè dárúkọ irú abà bẹ́ẹ̀? Ẹ gbà wá o.

Ẹlẹ́yìn:

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má tíì wá ẹni tó tẹ abà náà dó. Odò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ sì lọ.

Oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni ẹyìn máa ń so jù lọ́dún. Nígbà tí ìkórè ẹyìn bá gbérasọ, ọ̀pọ̀ odò kékeré ilẹ̀ Èkìtì ti gbẹ tàbí kó ku ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń fọpo kò lè ní kí ẹyìn dúró de òjò. Ẹyìn tó bá pẹ́ nílẹ̀ á kan, epo rẹ̀ á le, á máa dì, ẹni tó ń rà á á sì gé owó rẹ̀. Ibi tí omi kì í tán nínú ọ̀dá nìkan ni wọ́n lè wa kòtò sí. Torí náà, ẹ tọ ipa odò náà lóṣù kejì tàbí ìkẹta, kí ẹ wo ibi tí ibú ṣì wà. Bí kòtò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nítòsí ibú kan náà, a jẹ́ pé kòtò ló ṣáájú, ilé ló tẹ̀ lé e. Wọ́n á ti máa lọ, wọ́n á ti máa bọ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sùn ibẹ̀. “Ọdún wo ni wọ́n tẹ abà dó?” lè máà jẹ́ ìbéèrè tó tọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń wò. Wọ́n á la ìdì ẹyìn sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ewé bò ó fún ọjọ́ 3 sí 5 kí ẹyìn lè tú. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á sè é fún bíi wákàtí méjì títí á fi rọ̀. Wọ́n á dà á sínú kòtò bó ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ẹran ara rẹ̀ á fi bọ́ kúrò lára kóró. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá da omi lé e. Epo á ru sókè bí ìfófòó, wọ́n á máa fi igbá tàbí àtẹ́lẹwọ́ kó o sínú ìkòkò. Wọ́n á gbé e kaná kí epo lè dá dúró lókè, wọ́n á ré e, wọ́n á tún sè é lẹ́ẹ̀kejì kí omi tó kù nínú rẹ̀ lè gbẹ. Bí wọ́n bá kánjú sọ ọ́ kalẹ̀, omi á kù síbẹ̀, epo á sì bàjẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ìhá tó kù, wọ́n á sá a, òun ni wọ́n á fi dáná ọjọ́ mìíràn.

Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ fi téèpù wọn kòtò. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1.5, tó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, á gbà ju lítà 1,000 lọ díẹ̀. Wọn kì í kún un ju ìdajì lọ, nítorí ẹsẹ̀ àti omi. Ẹyìn sísè tó tó dúrọ́ọ̀mù méjì ààbọ̀ ni wọ́n lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Kòtò ẹbí kan kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tó ìwọ̀n yìí, àwọn tó ń ra ẹyìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló ń lò wọ́n, tàbí kí wọ́n máa gbà á lò ní ìgbà-ń-gbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ìwọ̀n kòtò tàn yín jẹ nípa iye epo tí wọ́n rí: nínú títẹ̀ lẹ́sẹ̀, bí ìdajì epo inú ẹyìn ló ń bá ìhá lọ.

Sìmẹ́ńtì inú kòtò méjì náà, ìtúnṣe ni. Amọ̀ máa ń fa epo mu, ó sì máa ń jò lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àgàgà bí omi odò bá ti wọ̀ ọ́ lóṣù kẹsàn-án. Ẹ wo bóyá kòtò alámọ̀ méjì tó kù sún mọ́ odò ju àwọn onísìmẹ́ńtì lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àkúnya ló lé wọn sókè.

Ní ti ihò ara àpáta, kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wọn. Èyí tó gùn, tó sì ń dán bí inú àwo, ojú ọlọ ni: ọkà tàbí ata ni wọ́n lọ̀ níbẹ̀. Èyí tó jìn sísàlẹ̀ bí odó, wọ́n gún nǹkan nínú rẹ̀. Èyí tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, tó wá pọ̀ lójú kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ẹkùrọ́. Òun ló bá òkìtì èésan yín mu. Ṣùgbọ́n ẹ tú inú òkìtì náà wò dáadáa o. Àwọn alágbẹ̀dẹ fẹ́ràn láti fi èésan dáná. Bí ẹ bá rí ìdàrọ́ (ìdọ̀tí irin) nínú rẹ̀, tó wúwo, tó sì ní ojú wọ́nwọ́n bí afárá oyin, a jẹ́ pé agbẹ̀dẹ ti jókòó níbẹ̀ rí, ìtàn abà yín sì gùn ju ti epo lọ.

Mẹkáníìkì_Àgbà:

Ẹlẹ́yìn ti sọ ti epo tán, mo bọ̀ lórí pèpéle.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí omi ń yí kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó máa ń ka ìtàn abúlé ẹ̀rọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń rò pé bí ẹ̀rọ bá ti wà létí odò, odò ló ń yí i. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, dísẹ́ẹ̀lì ló ń yí i. Iṣẹ́ tí odò ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì ni pé kó mú un tutù.

Ẹ wọn bí pèpéle náà ṣe gùn àti bó ṣe fẹ̀, kí ẹ sì wọn àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá nọ́ọ̀tì kan sí èkejì. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó ga kúrò nílẹ̀, tàbí tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú, ẹ́ńjìnnì oníwíìlì ńlá méjì ló jókòó lórí rẹ̀, irú Lister tó ń lọra sáré. Nǹkan bí 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Dursley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀ títí di 1987. Èyí tí wọ́n kọ 6/1 sí lára túmọ̀ sí agbára ẹṣin 6, sílíńdà 1. Ìgbà 650 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. 5/1 ló ṣáájú rẹ̀, 600 ni tirẹ̀. Bí wíìlì tàbí ara ẹ́ńjìnnì bá ṣì wà ní ilé ẹnì kan nínú ìlú, ẹ wá orúkọ tó yọ lára irin rẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà ṣe àfarawé rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó sì jọ ọ́ débi pé ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹni tó bá rí ti Íńdíà, tó wá kọ 1935 sínú ìwé, ti ṣì í pátápátá.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ pèpéle fún àmì roboto tó fẹ̀ tó ìdí dúrọ́ọ̀mù, bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Dúrọ́ọ̀mù omi ló wà níbẹ̀. Omi gbígbóná á gba òkè wọ inú rẹ̀, omi tútù á gba ìsàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Kò lo pọ́ǹpù. Bí wọ́n bá ń pọn omi ẹlẹ́rẹ̀ sí i, ẹrẹ̀ á dì sí ojú ọ̀nà omi, ẹ́ńjìnnì á gbóná, orí rẹ̀ á là. Ohun tó pa ẹ̀rọ abà púpọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ogbó.

Ohun tí ẹ́ńjìnnì náà ń yí ló kù. Mítà 3 tàbí 4 sí i, lójú ibi tí bẹ́líìtì á gbà, ẹ wá pèpéle kejì tó kéré jù ú lọ. Bí ẹ bá rí irin pẹlẹbẹ roboto tó ní ìlà lójú, tó ti jẹ, ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo tàbí ìlọ-èlùbọ́ ni. Bó bá jẹ́ páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ní ihò wẹ́wẹ́, gbágùúdá ni wọ́n ń rin. Bí ẹ bá rí púlì, ẹ wọn òun náà. Púlì ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ íǹṣì 12, tí ti ẹ̀rọ sì jẹ́ íǹṣì 13: 650 lọ́nà 12, pín in sí 13, ẹ̀rọ á yí ní ìgbà 600. Ó dára fún ìlọta. Bí ti ẹ̀rọ bá kéré jù, á sáré jù, èlùbọ́ á máa rùn bíi pé ó jóná. Bí ó bá tóbi jù, kò ní kúnná.

Ọmọ_ÌsàlẹOdò:

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí a ti wọ̀n rèé: kòtò alámọ̀ méjèèjì fẹ̀ ní mítà 1.2, wọ́n jìn ní sẹ̀ǹtímítà 50. Ti onísìmẹ́ńtì fẹ̀ ní mítà 1.6, òkè pátápátá ni wọ́n sì wà lóòótọ́. Pèpéle náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 40. Àmì dúrọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. A rí páànù ìrin-gbágùúdá, a ò rí irin ìlọta kankan. Nínú òkìtì èésan, a rí kọ́bọ̀ oníhò kan ti ayé òyìnbó tí wọ́n kọ 1936 sí. Ṣé 1936 ni kí a kọ ni?

Alákọsílẹ̀:

Rárá o, ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí owó ń sọ ni pé apá ibi tí ẹ ti rí i nínú òkìtì náà kò ṣáájú 1936. Kò sọ ìgbà tó bọ́ sílẹ̀. Owó oníhò yẹn ni wọ́n ń ná títí owó Nàìjíríà fi jáde ní 1959, ó sì lè pẹ́ nínú àpò tàbí ìkòkò kó tó sọnù. Ẹ kọ bó ṣe jìn tó nínú òkìtì náà sílẹ̀. Bí èésan bá pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ń pa ẹkùrọ́ níbẹ̀ kó tó bọ́ sílẹ̀. (Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: ọ̀pọ̀ owó 1936 ló ní orúkọ Edward VIII lára, ọba tó fi ìtẹ́ sílẹ̀ lóṣù kejìlá ọdún yẹn láìdé adé.)

Ní ti “ìgbà Aládéṣanmí”, ẹ má dá àwọn àgbà lẹ́bi. Ẹwì Aládéṣanmí Kejì, ọba Adó-Èkìtì, jọba láti 1937 títí di 1983. Ọdún 46! Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ má béèrè ọdún, ẹ béèrè ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ṣé kòtò ti wà kí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú tó jà ní 1918? Ṣé wọ́n ti rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì nígbà ogun Hitler, 1939 sí 1945? Ẹ́ńjìnnì ńkọ́, ṣé ó dé kí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi sanwó ìrin gbágùúdá, àbí náírà, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1973? Ṣé wọ́n ṣì ń tẹ ẹyìn nígbà tí a bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976? Ìbéèrè márùn-ún bí irú èyí á há ọdún náà mọ́ débi tí ẹ fẹ́. Ẹ bi ẹni mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe ní ìjókòó kan náà, nítorí bí àgbà kan bá ti sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á kàn máa gbè é ni.

Ẹ sì má bi ọkùnrin nìkan. Àwọn ọkùnrin ló ń gun ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ló ń fọpo, àwọn náà ló sì sábà ń ni owó ẹkùrọ́. Baálẹ̀ á sọ ẹni tó ni ilẹ̀ fún yín. Ìyá àgbà ló máa mọ ẹni tó wa kòtò, ẹni tó ń gbà á lò, iye tíìnì epo tí wọ́n ń rù lọ sọ́jà. Tíìnì kẹrosíìnì àtijọ́ gba gálọ́ọ̀nù 4, epo inú rẹ̀ sì wúwo tó kílò 16 ààbọ̀. 11 nínú rẹ̀ ló kún dúrọ́ọ̀mù onígálọ́ọ̀nù 44. Bí ìyá kan bá ní “tíìnì mẹ́fà lọ́jà márùn-ún márùn-ún”, ẹ ti rí ìṣirò ṣe.

Ìwé wá kù. Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ lọ. Àwọn àkójọ tí ẹ máa béèrè ni Ekiti Div (Ekiti Division), Ondo Prof (Ondo Province) àti CSO 26 (Chief Secretary’s Office), nítorí abẹ́ Ondo Province, tí olú rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, ni Èkìtì wà nígbà náà. Láàárín 1930 sí 1939 ni àwọn ajẹ́lẹ̀, bíi N.A.C. Weir, kọ ìròyìn nípa àwọn ìlú Èkìtì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn á wá orúkọ abà rẹ̀, kò ní rí i, á ní kò sí ìwé. Ìlú ńlá ni wọ́n fi ń gba owó orí, orúkọ abà kì í sábà sí nínú rẹ̀. Orúkọ ìlú tó ni abà ni kí ẹ wá, lẹ́yìn náà orúkọ odò, pẹ̀lú oríṣiríṣi ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà kọ ọ́ láìsí àmì. Ìwé ẹjọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ló sàn jù: ẹjọ́ ẹyìn tí wọ́n jí gé tàbí ọ̀pẹ tí ẹni méjì ń jà lé lórí máa ń dárúkọ odò àti ibi tí ọ̀pẹ wà. Bí wọ́n bá ní àwọn ará Delta wá gbé ibẹ̀ gé ẹyìn, ẹ wá “Sobo” nínú ìwé tó ṣáájú 1938. Ọdún yẹn ni ìjọba yí i sí Urhobo. Ìwé ìrìbọmi ìjọ náà wúlò, torí àwọn akọ̀wé ìjọ máa ń kọ ibi tí òbí ọmọ ń gbé.

Aláró:

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ibi ìpaláró ni kòtò alámọ̀ méjì yẹn (mo mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́, Èkìtì ni a wà): Yorùbá kì í fi kòtò ṣe aró, àwọn ará Kánò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ni tiwa. Ìkòkò kan á jókòó lórí èkejì, ti òkè á ní ihò nídìí, eérú á wà nínú rẹ̀ kí omi eérú lè máa ro sísàlẹ̀. Ibi aró máa ń fi àpáàdì tó ní ihò àti òkìtì eérú sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ ha amọ̀ díẹ̀ lára ògiri kòtò, ẹ jù ú sínú omi gbígbóná nínú ife funfun. Bí epo bá ti wọ̀ ọ́ lára, á léfòó wínníwínní sójú omi.

Ẹlẹ́yìn:

Òótọ́ ni Aláró sọ. Mo rí i pé mítà 1.2 ni kòtò alámọ̀. Nípa ìṣirò, kò gbà tó lítà 600, ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n fi máa gòkè lọ ṣe ti sìmẹ́ńtì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ bí ó bá jìn bákan náà, ọjà epo ti tóbi sí i. Ẹ fi ìyẹn bi àwọn ìyá àgbà léèrè: ta ló ń wá kó epo nígbà náà, mọ́tò wo ló ń dé ibẹ̀?

Mẹkáníìkì_Àgbà:

Páànù ìrin-gbágùúdá láìsí irin ìlọta túmọ̀ sí pé gààrí ló gbé ẹ́ńjìnnì wá, kì í ṣe èlùbọ́. Kílò 100 gbágùúdá tútù kì í mú ju kílò 20 sí 25 gààrí jáde, ó sì ń gbé omi púpọ̀ dànù. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fún un: òkúta ńlá tó pọ̀ lójú kan lórí ilẹ̀ tó dagun, tí koríko rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hù. Kí jáàkì tó dé, òkúta ni wọ́n ń gbé lé àpò fún ọjọ́ 3 tàbí 4.

Alákọsílẹ̀:

Ohun méjì péré ló kù. Ìdí tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀: ẹ má kàn kọ pé “ọ̀làjú dé”. Ẹ béèrè nípa ojú fífọ́ àti ara yínyún. Kòkòrò amúkúrú tó ń gbé àrùn afọ́jú kiri, inú omi tó ń sáré lórí àpáta ló ń yé ẹyin sí, irú ibi tí àpáta oníhò yín wà gan-an. Títí tí Mectizan, oògùn àrùn náà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn 1987, àwọn ènìyàn ń sá fún irú etí odò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń lọ kọ́lé sí ẹ̀bá títì. Ìtúká àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko ní 1986 wà níbẹ̀ náà, àmọ́ ti kòkó ni ìyẹn kàn jù.

Èkejì: ẹ kọ “àwọn tó ń fọpo níbẹ̀”, ẹ má kọ “àwọn onílẹ̀”, ẹ má sì fa ààlà sínú àwòrán yín. Ìwé ìtàn abà ti di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ilẹ̀ rí láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ gbèrò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ àti ẹni tó ń gbà á á jọ gbé ìwé kan náà lọ sí kóòtù.

Ọmọ_ÌsàlẹOdò:

A ti gbọ́. Oṣù kejì la máa padà lọ, nígbà tí omi bá fà. Ṣé kí a kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣán ibẹ̀?

Ẹlẹ́yìn:

Ẹ ṣán ojú ọ̀nà àti orí òkìtì. Ẹ fi fóònù ya kòtò kọ̀ọ̀kan láti òkè, kí ẹ gbé ọ̀pá tí ẹ ti sàmì sí ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá dábùú ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gba àmì ibi tó wà sílẹ̀ lórí fóònù kan náà. Àmọ́ gbòǹgbò tó wọ ara ògiri kòtò alámọ̀, ẹ má fi àdá kàn án. Òun ló di amọ̀ yẹn mú. Bí ẹ bá fà á yọ, ògiri á bá a wá.